Àárọ̀ Tí Màámi Ò Pè

Àwọ̀n àti iṣẹ́ ni òyìnbó so pọ̀ tó fi di nẹ́tíwọ̀ọ̀kì, ṣùgbọ́n ká ní wọ́n mọ ohun tí à ń fi ọ̀rọ̀ náà ṣe ní Ìjẹ̀bú-Òde ni, wọn ì bá ti máa gbowó ìlò lọ́wọ́ wa. Báńkì ò fẹ́ dá ọ lóhùn, nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ni. Ẹnì kan ò fẹ́ gbé ìpè rẹ, nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ni. Ẹni tí àna rẹ̀ wá iṣẹ́ fún, wọ́n ní ó ní nẹ́tíwọ̀ọ̀kì. Arúgbó gbàgbé orúkọ ọmọ, wọ́n ní nẹ́tíwọ̀ọ̀kì rẹ̀ ti lọ. Ọ̀rọ̀ náà ti sú mi tipẹ́.

Ní àárọ̀ Sátidé kan, Màámi ò pè. Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀ ni wọ́n ń gbé, àwọn nìkan. Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa ni wọ́n máa ń pe àwa ọmọ wọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n á kì wá, wọ́n á sì gé e láì dágbére. Mo pè wọ́n, kò lọ. Mo gbé omi tíì kaná, mo gbàgbé ẹ̀. Mo tún gbálẹ̀ ibi tí mo ti gbá. Mo jáde, mo wọlé, ara mi ò gbà á.

Mo pe àbúrò mi ọkùnrin ní Odogbolu, mo ní ṣé Màámi pè é. Ó ní òun ò tiẹ̀ kíyè sí i. "Nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ni, Ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ fọkàn balẹ̀." Àbúrò wa obìnrin náà sọ bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Inú bí mi. Mo ní kí àwọn méjèèjì wá bá mi ní Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀, mo sì gé fóònù kí wọ́n tó ráyè rojọ́.

Dírẹ́bà ọkọ̀ tí mo wọ̀ ń dúró gbérò káàkiri. Mo bi í pé tó bá jẹ́ ìyá tiẹ̀ ni, ṣé bó ṣe máa rìn nìyẹn? Ó ní, "Ẹ má bínú, mọ̀mí," kò sì dúró mọ́. Lójú tèmi, Màámi ti ṣubú sí balùwẹ̀, wọ́n ń pè wá, kò sẹ́ni tó gbọ́.

Nígbà tí mo ṣílẹ̀kùn wọn, ìdí iná ni mo bá wọn. Wọ́n ti rin ewùrà, ìkọ́kọrẹ́ ń hó, òórùn ẹja gba gbogbo ilé. Mo kúnlẹ̀ kí wọn.

"Màámi, kí ló ṣe fóònù yín?"

"Mo pa á ni." Wọn ò bojú wẹ̀yìn. "Mo ní kí n wò ó. Bí mo bá dákẹ́, ṣé ẹnikẹ́ni á mọ̀?"

Mo fẹ́ bínú, ẹkún ló jáde. Wọ́n bu oúnjẹ sí àwo mẹ́ta, ti àwa ọmọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, wọ́n tò wọ́n sórí tábìlì, a jókòó. Wọ́n ń wo ẹnu ọ̀nà. Èmi ò lè jókòó jẹ́ẹ́, mò ń dìde, mò ń yọjú síta, títí oúnjẹ fi tutù, ẹnì kankan ò dé.

"Àwọn tó kù ńkọ́?"

Irọ́ ti wà lẹ́nu mi, pé nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ni, kò kàn jáde ni. "Wọn ò bọ̀, Màámi."

Wọ́n fa àwo méjì tó kù sún mọ́ ara wọn, wọ́n dà wọ́n lé tèmi.

"Jẹ tiwọn mọ́ tìrẹ."