Bí Mo Ṣe Dọ̀bálẹ̀ Bi Àna Mi Ní Ìbéèrè

Ẹ̀rù ló sọ mí di akọni ní Ṣàgámù. Ojo ni mí. Bí ewúrẹ́ bá wúkọ́, mo ti yà fún un lọ́nà.

Nígbà yẹn, èmi ni mò ń tọ́jú sítọ́ọ̀ ilé iṣẹ́ kan ní Sábó tó ń di obì ránṣẹ́ sí Òkè Ọya. Pépà, yíǹkì, àpò, ọwọ́ mi ni gbogbo rẹ̀ wà. Àwọn ará ìlú ló dá ilé iṣẹ́ náà sílẹ̀, kálukú ra ṣíà, ìyẹn ìpín tirẹ̀, níbẹ̀. Ìyá mi ta góòlù ọrùn rẹ̀ kó tó rí tirẹ̀ rà. Alága wa ńkọ́? Bàbá ìyàwó mi ni.

Lọ́jọ́ ìpàdé ọdọọdún, wọ́n pín ẹ̀dà lẹ́tà kan fún wa. Ó ní àwọn ọ̀gá lè ra ṣíà tuntun nígbàkígbà tó bá wù wọ́n, ní iye tí ṣíà ń lọ lọ́jọ́ tí wọ́n kọ lẹ́tà náà. Ọjọ́ wo? Oṣù kìn-ín-ní, nígbà tí obì kò tà, tí ṣíà wa fẹ́rẹ̀ẹ́ di ọ̀fẹ́. Bẹ́ẹ̀, nígbà tó fi máa di oṣù keje, obì ti wọ́n, ṣíà ti fò sókè. Bí wọ́n bá kó o ní ọ̀pọ̀ báyẹn, ti ìyá mi á dà bí ọbẹ̀ tí wọ́n bomi là.

Mo tún pépà náà wò. Orí mi wú. Nọ́ńbà àpótí ìfìwéránṣẹ́ wa tuntun ló wà lókè rẹ̀! Oṣù keje lèmi fúnra mi fi kẹ̀kẹ́ gbé pépà yẹn wá láti ilé ìtẹ̀wé.

Alága ní, "Ta ló ní ìbéèrè?"

Mo dìde. Ojú wa ṣe mẹ́rin. Kí n tó mọ̀, mo ti nà gbalaja sílẹ̀.

"Bàbá, ẹ kú ìjókòó o. Pépà tó dé lóṣù keje, báwo ni wọ́n ṣe kọ lẹ́tà oṣù kìn-ín-ní sí i, sà?" Sìmẹ́ńtì ni mo ń bá sọ̀rọ̀.

Alága tẹjú mọ́ mi nílẹ̀.

"Dìde, ọkọ ọmọ mi."

Mo fẹ́ dìde o! Ẹsẹ̀ ló kọ̀.

Ìyá olóbì kan láti Ìjokù figbe ta: "Kò ní dìde! Ẹ dá a lóhùn ná! Àbí ẹ fẹ́ kí àna yín sùn síbẹ̀ ni?"

Ẹ̀rín sọ. Ní ilẹ̀ wa, bí àna bá pẹ́ nílẹ̀, bàbá ìyàwó ni wọ́n ń bú. Òógùn bo Bàbá.

"Ó dáa, oṣù keje la kọ ọ́. A ó tún un ṣe."

"Ibí yìí ni kẹ́ ẹ ti tún un ṣe!" Ìyá olóbì náà ló tún figbe ta.

Ó gba bírò, ó fagi lé oṣù kìn-ín-ní, ó kọ oṣù keje, ó fọwọ́ sí i lójú gbogbo wa. Ní iye oṣù keje, kò sí ọ̀gá tó ra ẹyọ kan.

Obìnrin méjì gbé mi ńlẹ̀ bí àpò obì, wọ́n ní kìnnìún ni mí. N ò jiyàn.

Nírọ̀lẹ́, ìyàwó mi ká mi mọ́ inú ilé. "Ṣé lóòótọ́ lẹ bú bàbá mi?"

"Èmi kẹ̀? Ìdọ̀bálẹ̀ ni mo ṣe."

Ó bú sẹ́rìn-ín. "Bàbá ní kí n sọ fún yín, ní ìpàdé tó ń bọ̀, àwọn á fún yín ní àga níwájú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó bi àwọn ní ìbéèrè yín."