Kòtò Amọ̀ Súbérù

Bí òjò bá ti dáwọ́ dúró ní Wágà, olú ìlú àwọn Mossi, tí koríko bẹ̀rẹ̀ sí gbẹ lẹ́bàá ọ̀nà, Súbérù kì í fi òní dọ́la. Ọyẹ́ ń bọ̀. Télọ̀ ni Súbérù, ó wà lára àwọn Yorùbá tí wọ́n lé kúrò ní Gánà. Àdúgbò Tampouy ló fìdí kalẹ̀ sí, ibẹ̀ ló sì ti fẹ́ Haoua, ọmọ Mossi. Lọ́dún kejì rẹfolúṣọ̀n, lẹ́yìn tí àwọn sójà ti gbàjọba tí wọ́n ní àwọn fẹ́ tún ìlú ṣe, òjò ti jẹ ògiri amọ̀ àgbàlá rẹ̀ níhà ibi tí atẹ́gùn ọyẹ́ ti ń wá. Bí kò bá rẹ́ ẹ, eruku á máa bá wọn jẹun nínú àwo.

Ó gbẹ́ kòtò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó da amọ̀ àti omi sí i, ó fi sílẹ̀ kó rin. Nígbà tí amọ̀ rin tán, ó gun alùpùpù rẹ̀ lọ sí àdúgbò Tanghin lọ wá koríko tí yóò pò mọ́ ọn.

Nígbà tó fi máa dé, wọ́n ti kó amọ̀ náà jáde sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ń sán nínú oòrùn. Igi dóńgóyárò tẹ́ẹ́rẹ́ kan ló dúró sínú kòtò.

"Haoua! Ta ló ṣe mí báyìí?"

"Kòmìtẹ́ àdúgbò ni, Bàbá Àmínù. Wọ́n ní kí gbogbo ilé gbin igi. Wọ́n bi mí pé ta ló gbẹ́ kòtò dè wọ́n, mo ní ẹ̀yin ni. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún yín."

"Ṣé àtẹ́wọ́ ni màá fi rẹ́ ògiri?"

Ó ti bẹ̀rẹ̀ mọ́ igi náà láti fà á tu nígbà tí Monique, ọ̀dọ́mọbìnrin tó jẹ́ olórí kòmìtẹ́, wọlé.

"Bàbá kàmàrádì, ẹlẹ́gbẹ́ wa, ẹ má fà á tu o! Igi yìí ló máa dá atẹ́gùn dúró fún yín."

"Nígbà wo?"

"Tó bá dàgbà. Bí ọdún mẹ́wàá sí i."

"Ọdún mẹ́wàá! Ọmọ mi, atẹ́gùn tí mò ń wí ti kúrò nílé, ó ti wà lọ́nà!"

Monique rẹ́rìn-ín, ó dúpẹ́ lédè Mossi, ó ní barka, ó bá tirẹ̀ lọ.

Súbérù pòṣé títí ẹnu rẹ̀ fi gbẹ. Ó gbẹ́ kòtò mìíràn, ó sì gbé àga tì í. Ibẹ̀ ló ti ń jẹun. Kí àlejò tó kí i, á ti ké: "Kòtò amọ̀ nìyí o! Kì í ṣe ti igi!"

Ọjọ́ tó ń tẹ amọ̀ ni Monique tún dé, ó ní òun wá wo igi. Ó rí bí bàbá ṣe ń fọwọ́ ti ògiri sinmi, ló bá ká ṣòkòtò rẹ̀ sókè, ó bọ́ sínú kòtò. Ó ń tẹ̀, ó ń sọ̀rọ̀: ọ̀rọ̀ omi, ọ̀rọ̀ igi, ọ̀rọ̀ ìmọ́tótó. Etí Súbérù kún. Ṣùgbọ́n amọ̀ náà ń rọ̀ bí ẹ̀kọ.

"Bàbá, ṣé ẹ ń gbọ́ mi?"

"Mò ń gbọ́. Ṣáà máa tẹ̀ ẹ́."

Ògiri gbẹ kí ọyẹ́ tó dé. Lówùúrọ̀ ọjọ́ tí atẹ́gùn kọ́kọ́ fẹ́, Súbérù jáde láti wò ó, ó bá ewúrẹ́ aládùúgbò tó ń já ewé dóńgóyárò jẹ. Ó bọ́ sálúbàtà, ó lé e dé ìta. Lẹ́yìn náà ló lọ gé ẹ̀gún wá, ó fi ṣọgbà yí igi náà ká, ó ń kùn.

Haoua dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wò ó. "Ṣebí ẹ ní ẹ kórìíra ẹ̀?"

"Mo kórìíra ẹ̀. Àmọ́ bó bá kú, wọn á tún wá gbin òmíràn. Gbé omi wá, jàre."