Ẹ̀rín Tó Wà ní Apá Òsì Fọ́tò

Ẹ sún mọ́ mi díẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, ojú mi méjèèjì ló rí i, ní ọ̀sán gangan, oòrùn Kano ń ràn lókè. Mi ò mutí lọ́jọ́ náà, kò sì sí oorun lójú mi. Nínú àwa mẹ́rin tí a jọ ń ya fọ́tò nígbà yẹn, èmi nìkan ló kù tó lè sọ ọ́. Bí ẹ bá fẹ́, ẹ ní ọjọ́ ogbó ló ń dà mí láàmú. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ọ tán ná.

Òmìnira ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni. Mo wà ní yunifásítì, mo sì máa ń lo ìsinmi gígùn lọ́dọ̀ bàbá mi, tó jẹ́ akọ̀wé réluwéè ní Sabon Gari. Áà, Sabon Gari ìgbà yẹn! Kí fèrè réluwéè tó fọn láàárọ̀, òórùn gúrásà, búrẹ́dì pẹlẹbẹ àwọn Hausa, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lójú iná ti wọlé wá kí yín. Yorùbá ló wà nílé yìí, Ígbò ló wà ní ìkejì, ọmọ gbogbo wọn ń fi Hausa bú ara wọn ní títì. Bí mo bá ń rántí rẹ̀, ó máa ń ṣe mí bíi pé kí n dìde, kí n lọ wọ ọkọ̀ ojú irin.

Àwa mẹ́rin náà, kò sẹ́ni tó ń fi fọ́tò jẹun nínú wa. Ìfẹ́ rẹ̀ ló kàn ń pa wá. Bọ̀dá Súnmọ́nù ń tún ẹ́ńjìnnì ṣe ní réluwéè. Sísí Dúpẹ́ jẹ́ nọ́ọ̀sì. Òkóró, ọmọ Ígbò tó ga bí òpó iná, jẹ́ tíṣà. Èmi ni wọ́n ń pè ní Yunifásítì.

Ní gbogbo ọ̀sán Sunday, tí àwa onígbàgbọ́ bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, ọ̀dẹ̀dẹ̀ Bọ̀dá Súnmọ́nù la máa ń pàdé sí. Ó ti sọ yàrá ìkẹ́rùsí rẹ̀ di yàrá òkùnkùn tí a ti ń fọ fọ́tò: bùláńkẹ́ẹ̀tì lójú fèrèsé, gílóòbù pupa kan lókè. A ó fi okùn so fọ́tò wa kọ́ bí aṣọ tí a sá, a ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í tú ara wa fó.

"Òkóró, kí lo yà yìí?"

"Pírámíìdì ẹ̀pà."

"Ẹ̀pà wo? Ìmọ́lẹ̀ tí o jẹ́ kó wọlé ti pọ̀ jù. Iyọ̀ ni wọ́n kó jọ níbí!"

"Make una leave me o! Ẹ wo ti Sísí Dúpẹ́. Orí pásítọ̀ dà?"

"Ó ti ṣáájú lọ sọ́run," ni Sísí dáhùn, a sì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa.

Lọ́jọ́ Sátidé kan, Ìyá Ìbejì wá bá wa. Aṣọ ló ń tà ní Ọjà Sabon Gari, ilé rẹ̀ sì kọjú sí ti Bọ̀dá Súnmọ́nù. Àìsàn kan ti mú Táíwò rẹ̀ lọ nígbà ọyẹ́. Obìnrin náà kì í sọ pé ọmọ kú. "Táíwò lọ sọ́jà" ni ó máa ń wí.

Kẹ́hìndé, ọmọbìnrin ọlọ́dún mẹ́fà, ló kù. Láti ìgbà tí ìkejì rẹ̀ ti lọ, kò rẹ́rìn-ín, kò ṣeré, kò sì fẹ́ jẹun. Fúrà, ohun mímu oníwàrà tó fẹ́ràn ju gbogbo nǹkan lọ, bí wọ́n bá gbé e dé iwájú rẹ̀, á ní "A'a," pé rárá, á sì yíjú sí ògiri. Sísí Dúpẹ́ ti yẹ̀ ẹ́ wò, kò rí àìsàn kankan lára rẹ̀. Síbẹ̀ ọmọ náà ń gbẹ lójú wa. Gbogbo wa la mọ ohun tí ìyá rẹ̀ ń bẹ̀rù, kò sì sẹ́ni tó fẹ́ fẹnu sọ ọ́.

Ní ayé àwọn bàbá wa, ère ni wọn ì bá gbẹ́ fún ìkejì. Ṣùgbọ́n ọmọ ìjọ ni Ìyá Ìbejì, àwọn ènìyàn wa sì ti rí ọ̀nà mìíràn: fọ́tò. Ẹ ó ya èyí tó wà láàyè lẹ́ẹ̀mejì, ẹ ó sì ṣe é kó dà bíi pé ìbejì méjì ló jókòó pọ̀. Ẹni tó kù á rí ìkejì rẹ̀ lójú ògiri, ọkàn rẹ̀ á balẹ̀.

"Ọmọ Akọ̀wé, ọkọ mi," ni ìyá náà wí fún mi, "bá mi yà wọ́n pọ̀. Àbúrò rẹ̀ ló ń wá."

Èmi ló ké sí nítorí pé mo ti ya Òkóró rí níbi tó ti ń bọ ara rẹ̀ lọ́wọ́, gbogbo àdúgbò ló sì wá wò ó. Kò le. Ẹ ó fi páálí dúdú bo ìdajì ojú kámẹ́rà, ẹ ó ya apá kan. Láì yí fíìmù, ẹ ó gbé páálí sí ìdajì kejì, ẹni náà á bọ́ sí òdìkejì, ẹ ó tún yà á. Fíìmù kan náà ni, ènìyàn méjì á jáde.

Kámẹ́rà Bọ̀dá Súnmọ́nù ni mo lò, nínú pálọ̀ rẹ̀. Fèrèsé kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, ní apá ọ̀tún. Mo ya Kẹ́hìndé níbi tó jókòó sí ní apá ọ̀tún bẹ́ǹṣì, ojú rẹ̀ le koko. Mo wá ní kó bọ́ sí apá òsì.

Ó wo àyè tó ṣófo náà. Ó rọra sọ ọ́, bíi pé kò fẹ́ kí ẹnì kan gbọ́: "Wurin Táíwò ne." Ó ní ibi tí Táíwò ń jókòó nìyẹn. Ló bá fò dìde, ó sá jáde.

Mo sáré tẹ̀ lé e. Mo bẹ̀ ẹ́ títí, kò gbà. Nígbà tí mo padà dé, Bọ̀dá Súnmọ́nù ti yọ fíìmù, ó ti rì í sínú omi oògùn.

"Bọ̀dá! Ìdajì péré ni mo yà!"

Ó káwọ́ lérí. "Èyí tó gbẹ̀yìn lórí fíìmù ni. Mo rò pé o ti parí ni."

Ẹ̀yin tí ẹ mọ iṣẹ́ yìí mọ̀ pé ìdajì fíìmù tí ìmọ́lẹ̀ kò kàn, dúdú ni yóò jáde lórí pépà, dúdú bí ìdí ìkòkò. Mo lọ sílé, mi ò lè jẹun alẹ́. Báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ ọ́ fún ìyá yẹn?

Lọ́jọ́ kejì tí mo dé ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n ti ń rẹ́rìn-ín.

"Yunifásítì, you try!" ni Òkóró kígbe.

Fọ́tò náà wà lórí okùn. Ọmọ méjì jókòó lórí bẹ́ǹṣì.

Ẹ gbà mí gbọ́, mo sún mọ́ okùn, mo kà wọ́n lẹ́ẹ̀mejì.

"Ti ọ̀tún dára," Sísí Dúpẹ́ bẹ̀rẹ̀, bí a ṣe máa ń ṣe. "Ṣùgbọ́n ti òsì, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ yàtọ̀. Ta ló gbé iná sí ẹ̀gbẹ́ ògiri?"

"Kò síná," ni mo wí.

"Èwo ni kò síná? Wo ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ náà bó ṣe ń dán!"

"O ní ìdajì lo yà lánàá; mo tẹ̀ ẹ́ láàárọ̀, àṣé eré lò ń bá mi ṣe. Èmi, ẹ̀rín yẹn ló yà mí lẹ́nu," ni Bọ̀dá Súnmọ́nù wí. "Báwo lo ṣe mú un rẹ́rìn-ín?"

Òótọ́ ni. Ti ọ̀tún dijú mágbárí. Ti òsì la ẹnu gbàgà, ó ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tó jí ẹran nínú ọbẹ̀.

"Àbàwọ́n dúdú kan ló bà á jẹ́, lẹ́nu rẹ̀ níbí," ni Bọ̀dá Súnmọ́nù tún wí. "Ìfófòó omi oògùn ló lẹ̀ mọ́ fíìmù. Ẹ jẹ́ kí n fi bíléèdì ha á, yóò funfun." Ó ti mú fọ́tò, ó ti gbé bíléèdì lé e.

Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Mi ò ya ti òsì," ni mo sọ. "Ọmọ yẹn sá lọ. Kò jókòó síbẹ̀ rárá."

Òkóró gba fọ́tò, ó gbé e síwájú ìmọ́lẹ̀.

"Wallahi," Bọ̀dá Súnmọ́nù rọra wí, "èmi ò ya nǹkan kan. Mo yọ fíìmù ni."

Ìgbà yẹn gan-an ni Ìyá Ìbejì wọlé, ó pọn Kẹ́hìndé sẹ́yìn. Kò sẹ́ni tó kí i. Ó rí fọ́tò, ó gbà á, ó wò ó pẹ́. Ó wá sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́:

"Ta ló sọ fún yín nípa eyín rẹ̀?"

"Eyín wo, mà?"

"Eyín iwájú Táíwò. Ó yọ kí àìsàn yẹn tó dé. Ti Kẹ́hìndé ò tíì mì."

Àlàfo eyín la fẹ́ fi bíléèdì ha dànù.

Kẹ́hìndé yọ́ sọ̀ kalẹ̀ lẹ́yìn ìyá rẹ̀. Ó fi ìka kan ti ọ̀tún, kò bìkítà fún un. Ó fi ìka kan ti òsì, ó wá ẹnu rẹ̀, ó wá àlàfo náà, ó sì fi ìka dúró síbẹ̀. Ẹ̀rín bẹ́ lẹ́nu rẹ̀.

"Ga ta nan! Mama, ga ta nan!" Òun nìyí, òun nìyí! Lẹ́yìn náà ló wo ìyá rẹ̀, ó ní, "Fúrà dà?"

Ó mu igbá kan, ó tún bèèrè. Háà, ẹ ì bá wà níbẹ̀! Ìyá Ìbejì ń jó, gèlè rẹ̀ bọ́, kò mú un. Òkóró ń lu tábìlì. Sísí Dúpẹ́ ń sunkún, ó tún ń rẹ́rìn-ín. Bọ̀dá Súnmọ́nù ju bíléèdì sí gọ́tà bí ẹni tí iná jó lọ́wọ́.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ì bá parí sí nìyẹn. Ṣùgbọ́n a fẹ́ ní fọ́tò náà tiwa.

Nínú ọ̀sẹ̀ náà, lẹ́yìn iṣẹ́ ọ̀sán, èmi àti Bọ̀dá Súnmọ́nù àti Òkóró wọ yàrá òkùnkùn lọ tẹ òmíràn. Négétíìfù kan náà ni, fíìmù tí Bọ̀dá ti fọ̀ lọ́jọ́ Sátidé. A ri pépà sínú omi oògùn. Kẹ́hìndé yọ jáde lápá ọ̀tún, pẹ̀lú ojú líle rẹ̀. Apá òsì dúdú. A gbé négétíìfù wo lábẹ́ gílóòbù: ìdajì òsì mọ́ gaara bíi gíláàsì. Kò sí ohunkóhun níbẹ̀.

A bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn, a wò ó dáadáa. Láti apá dúdú pépà náà, nínú omi, a gbọ́ ẹ̀rín. Ẹ̀rín kékeré, irú èyí tí ọmọdé máa ń dì mẹ́nu nígbà tó bá fara pamọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn, tó mọ̀ pé ẹ ò tíì rí òun.

Òkóró tó tóbi jù ló kọ́kọ́ dé ojú oòrùn, bùláńkẹ́ẹ̀tì lọ́rùn. A wo ara wa, la bá bú sẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n n kò ní parọ́ fún yín, kò sẹ́ni tó fẹ́ kọ́kọ́ padà wọlé nínú wa.

Mo ti kàwé púpọ̀ láti ìgbà náà, mi ò rí ibi tí wọ́n ti ṣàlàyé rẹ̀. Kẹ́hìndé ti di ìyá àgbà ní Hotoro, ní Kano níbẹ̀, ẹ̀rín rẹ̀ ń dé òpópónà. Fọ́tò kan ṣoṣo yẹn wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ń fi ìka kan pa àbàwọ́n rẹ́ lójú fóònù lónìí, ẹ kọ́kọ́ bèèrè lọ́wọ́ ẹni tó ni ojú náà. Bí ẹnì kan tí ẹ kò yà bá sì jókòó sínú fọ́tò yín, tó ń rẹ́rìn-ín, ẹ bá a yọ̀, ẹ gbé e fún àwọn ènìyàn rẹ̀. Ẹ má tẹ òmíràn. Ẹ má padà wọ inú òkùnkùn lọ bi í pé báwo ló ṣe débẹ̀.

Ó lè fẹ́ dá yín lóhùn.