Ojú-Ìwé Òfìfo Mẹ́rin

Ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù núdùsì ni wọ́n bí Chien Yueh-kuei sí, ní ebúté kékeré kan ní agbègbè Yilan, níbi tí òórùn ẹja ti máa ń wọ inú aṣọ ìgbéyàwó pàápàá. Òfin kan ṣoṣo ni ìyá rẹ̀ kò gbà kí ẹnikẹ́ni rú: àlejò kò gbọdọ̀ gbọ́ "kò sí" nínú ilé wọn. Bí núdùsì bá tán, ìyá á bu omi ọbẹ̀ gbígbóná sínú abọ́, á gbé e síwájú àlejò, á rẹ́rìn-ín músẹ́. Àlejò á mu ún, á dúpẹ́, á lọ. Kuei dàgbà sínú òfin yìí, kò sì mọ̀ pé òun gbé e dé ibi iṣẹ́.

Iṣẹ́ rẹ̀ kò rọrùn láti ṣàlàyé fún ará ilé. Inú kọ̀ǹpútà ńlá kan ni ilé-iṣẹ́ wọn ti ń ya ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà sọ́tọ̀ fún àwọn oníbàárà. Àlejò ni wọ́n ń pe àwọn kọ̀ǹpútà inú rẹ̀ yìí. Àlejò kọ̀ọ̀kan gbà pé òun nìkan ló nilé. Ètò kan wà lábẹ́ gbogbo wọn, olùtọ́jú, tó ń pín ìrántí fún wọn ní ojú-ìwé ojú-ìwé. Bí àlejò bá na ọwọ́ sí ojú-ìwé tí kò sí níbẹ̀, olùtọ́jú á dá a dúró díẹ̀, á sáré lọ wá a, á tẹ́ ẹ síwájú rẹ̀, àlejò á sì máa bá iṣẹ́ lọ bí ẹni pé kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀. Apá ètò tó ń sáré lọ wá ojú-ìwé yẹn gan-an ni Kuei kọ, ní ọdún mọ́kànlá sẹ́yìn.

Ní ọjọ́ tí ìjì oṣù kẹsàn-án wọlé, omi ya wọ yàrá abẹ́ ilẹ̀ tí ẹ̀rọ wà. Iná lọ, bátìrì gbà á. Ní aago mọ́kànlá kọjá ogójì ìṣẹ́jú, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwọn àlejò lọ sí ilé kejì tó wà lórí òkè. Àlejò ló máa ń kọ́kọ́ lọ, ìrántí rẹ̀ á máa tẹ̀lé e, bí ẹni tó ti wọ ilé tuntun tí ẹrù rẹ̀ ṣì wà lọ́nà. Nígbàkígbà tó bá wá ṣíbí, ẹnì kan á padà lọ mú un ní ilé àtijọ́. Àmọ́ omi ti gé wáyà ńlá. Tín-ín-rín kan ló kù, gbogbo ẹrù sì ń fún ara wọn pa nínú rẹ̀.

Ọ̀kan lára àwọn àlejò náà ni ti ilé ìpè àwọn apẹja ní ebúté Kuei, níbi tí wọ́n ti ń fi rédíò bá àwọn ọkọ̀ ojú omi sọ̀rọ̀. Inú rẹ̀ ni orúkọ gbogbo ọkọ̀ tí kò tíì wọlé wà. Nígbà tó di aago mẹ́ta ku ogún ìṣẹ́jú, Bàbá Yu A-tu tó ń ṣọ́ ilé ìpè lọ́sàn-án ọjọ́ náà pe fóònù.

"Kuei, ọmọ onínúdùsì! Ẹ̀rọ yín gbìyànjú o. Ọkọ̀ mọ́kàndínlógún ni mo bá lójú ẹ̀ nígbà tí mo gba iṣẹ́ láago méjìlá. Gbogbo mọ́kàndínlógún ti wọlé. Mo fẹ́ ní káwọn ẹ̀ṣọ́ etíkun tó wà lójú omi máa padà bọ̀. Ìgbì òde yìí ga ju ṣọ́ọ̀bù ìyá ẹ lọ."

"Ẹ kú iṣẹ́, Bàbá," ni Kuei wí, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ wà lára àkọsílẹ̀ olùtọ́jú. Ìlà mẹ́rin ló rí níbẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni àlejò ilé ìpè ti na ọwọ́ kí aago méjìlá tó lù, ẹ̀ẹ̀mẹrin ni ojú-ìwé kò dé lásìkò, ẹ̀ẹ̀mẹrin ni olùtọ́jú sì ti tẹ́ ojú-ìwé òfìfo síwájú rẹ̀ dípò kó sọ pé kò sí. Ó mọ ìlà ètò tó ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ọwọ́ òun ló kọ ọ́. Omi ọbẹ̀ gbígbóná nínú abọ́.

Ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní ojú-ìwé tirẹ̀.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì pe àwọn ẹ̀ṣọ́ padà. Mẹ́tàlélógún ni ọkọ̀ tó yẹ kẹ́ ẹ bá lójú ẹ̀. Ẹ̀rọ wa ló pa mẹ́rin rẹ́."

"Kí lo wí?"

Weng Shih-kai, ọ̀gá rẹ̀ tó fi ọdún mẹ́sàn-án kéré sí i, fi ọwọ́ bo ẹnu fóònù. "Ẹ̀gbọ́n Kuei, ẹ rọra! Ṣé ó dá yín lójú? Bóyá ojú-ìwé yẹn ṣófo tẹ́lẹ̀ ni. Ẹ jẹ́ ká kọ ọ́ sílẹ̀, kí ọ̀gá àgbà fọwọ́ sí i. Tẹ́ ẹ bá fi ẹnu yín sọ ọ́ fún oníbàárà báyìí, iṣẹ́ yín lọ nìyẹn, tèmi á sì tẹ̀lé e."

"Ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án ló kù fún bátìrì ìsàlẹ̀, Shih-kai. Ṣé ọ̀gá àgbà á ti mu tíì ẹ̀ tán kó tó mú bírò?"

Ó já ọwọ́ rẹ̀ kúrò. Ó dá gbogbo ẹrù tó ń gba inú wáyà kọjá dúró, ti àwọn oníbàárà ńláńlá pàápàá, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í bèèrè ojú-ìwé mẹ́rin náà lọ́wọ́ ẹ̀rọ ìsàlẹ̀, lọ́kọ̀ọ̀kan. Àkọ́kọ́ dé. Ìkejì pẹ́, ó pẹ́, ó dé. Ó ṣi nọ́ńbà ìkẹta tẹ̀, ó tún un tẹ̀, ó dé. Ó bèèrè ìkẹrin. Ó dúró. Ó tún bèèrè. Ẹ̀rọ ìsàlẹ̀ kò fèsì mọ́. Bátìrì ti kú, kò dúró pé ìṣẹ́jú tó ní.

Ó ka orúkọ ọkọ̀ mẹ́ta sínú fóònù. Ó gbọ́ tí Bàbá A-tu tún wọn kà sínú gbohùngbohùn, ó sì gbọ́ igbe àwọn ìyàwó apẹja tó dúró lábẹ́ òrùlé ebúté.

"Ìkẹrin ńkọ́?"

"Mi ò ní orúkọ ẹ̀, Bàbá. Ó sọnù."

"Kuei, gbogbo ìyàwó ló wà níbí. Ọkọ̀ mẹ́ta ni wọ́n ń sunkún ẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń bèèrè ìkẹrin. Tó bá wà, ṣé ẹnì kan ò ní máa sunkún ẹ̀ ni?"

Shih-kai mi orí sí i: ṣé ẹ rí i báyìí. Kuei di ojú. Ó rí tábìlì ẹ̀yìn ní ṣọ́ọ̀bù ìyá rẹ̀, níbi tí àwọn atukọ̀ láti Indonesia ti máa ń jẹun láìsọ̀rọ̀, tí wọ́n á máa fi àwòrán ọmọ wọn han ara wọn lórí fóònù.

"Bàbá, ẹni tí ìyàwó ẹ̀ wà ní Indonesia, ta ló máa bá a sunkún ní ebúté yẹn?"

Ó gbọ́ tí Bàbá A-tu fa àga sẹ́yìn.

"Ẹ lọ sí ilé tí àwọn atukọ̀ Indonesia ń sùn sí. Ẹ ka bẹ́ẹ̀dì tó ṣófo. Ẹ bi àwọn tó kù léèrè ọkọ̀ wo làwọn yẹn bá lọ."

Ìṣẹ́jú mọ́kànlá ló fi dúró pẹ̀lú fóònù létí, afẹ́fẹ́ ni ó ń gbọ́. Nígbà tí baba náà padà, ẹ̀fẹ̀ ti tán lẹ́nu rẹ̀. "Bẹ́ẹ̀dì márùn-ún. *Shun-yi* Kẹjọ ni. Ọ̀gá ọkọ̀ yẹn ò níyàwó mọ́, inú ọkọ̀ ló ń gbé. Mo ti sọ fáwọn ẹ̀ṣọ́."

Wọ́n rí ọkọ̀ mẹ́ta lẹ́yìn òkè etíkun, gbogbo èèyàn inú wọn wà láàyè. Kí ilẹ̀ tó ṣú ni wọ́n rí *Shun-yi*, ó ti dojú bolẹ̀. Ọkùnrin mẹ́ta rọ̀ mọ́ léfòó àwọ̀n. Wọn kò rí ọ̀gá ọkọ̀ àti àwọn méjì yòókù.

Kò sẹ́ni tó bá Kuei ka wákàtí tí *Shun-yi* fi wà lójú omi láìsí ẹni tó ń wá a. Òun fúnra rẹ̀ kà á, wákàtí mẹ́ta ó lé, ó sì kọ ọ́ sínú ìròyìn bó ṣe rí gan-an, pẹ̀lú orúkọ rẹ̀ lódindi. Lẹ́yìn náà ó ṣí ètò olùtọ́jú, ó pa ìlà tó kọ ní ọdún mọ́kànlá sẹ́yìn rẹ́. Ó kọ òmíràn sí i: bí ojú-ìwé kò bá dé, kí àlejò dúró síbi tó wà, kí a sì pe ènìyàn.

Shih-kai dúró lẹ́yìn rẹ̀. "Inú oníbàárà ò ní dùn o, Ẹ̀gbọ́n, tí ẹ̀rọ wọn bá ṣàdédé dúró."

"Kó má dùn."

Ètò náà ń bèèrè ọ̀rọ̀ tí yóò hàn lójú ẹ̀rọ nígbà tó bá dúró. Kuei gbé ọwọ́ lé bọ́tìnnì. Lẹ́yìn náà ó tẹ̀ ẹ́: *Kò sí.*