Tíṣà, Bébà Yẹn Funfun Lóòótọ́

Háà, Tíṣà! Ilé Bẹ́yẹrúnká pa lọ́lọ́. Ọkọ mi, ẹ ti lọ, n kò sì tíì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ yín.

Ọmọlúàbí tí ó kọ́ ọmọ olówó àti ọmọ tálákà ní sáyẹ́ǹsì láì ṣe ojúsàájú, ẹ̀yin lẹ máa ń wí pé, "Ìfura loògùn àgbà. Ohun tí ojú kò bá rí, bébà á rí i." Nígbà tí ẹ fẹ̀yìn tì, ọmọ kan tí ẹ kọ́, tí ó ń ṣiṣẹ́ ìjọba ní Agodi, kó páálí bébà tẹ́ẹ́rẹ́ wá fún yín, irú èyí tí a fi ń mọ̀ bí oògùn apakòkòrò bá wà nínú omi tàbí oúnjẹ. Láti ọjọ́ náà, kò sí ibi tí ẹ kì í tì í bọ̀: omi kànga, omi ẹ̀fọ́, àní omi tí mo fi rẹ ẹ̀wà.

Inú bí mi. Aya wo ni ọkọ rẹ̀ yóò máa yẹ oúnjẹ rẹ̀ wò lójú gbogbo agboolé, tí kò ní fura? Mo ní, "Bàbá Ìbejì, ṣé ẹ rò pé mo fẹ́ pa yín ni?" Aago ọwọ́ yín lẹ ń wò, kí àkókò bébà náà lè pé.

Ẹ kì í jẹ́ kí n wo bébà náà tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kan tí mo ra ẹ̀wà wá láti Ọjà'ba, bébà náà funfun báláú nínú omi rẹ̀. Mo já a gbà, mo sáré bọ́ sí àgbàlá níbi tí àwọn ẹ̀gbọ́n yín obìnrin jókòó sí. "Ẹ wá wò ó o! Ó funfun! Ọwọ́ mi mọ́!" Ẹ wo ojú mi, ẹ wo ojú wọn, ẹ ní, "Òótọ́ ni, Ìyá Ìbejì. Ó funfun." Ni ẹ bá fi ẹsẹ̀ kọ abọ́ ẹ̀wà, gbogbo rẹ̀ dànù. Ọjọ́ mẹ́ta ni n kò bá yín sọ̀rọ̀. Mo ní ẹ mọ̀-ọ́n-mọ̀ ṣe é ni.

Ẹ mọ̀-ọ́n-mọ̀ ṣe é lóòótọ́. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, lẹ́yìn tí ẹ ti lọ, Táíwò ọmọ wa ka ìwé inú páálí yẹn sí mi létí: bí kò bá sí oògùn, bébà á di àwọ̀ aró, bí ó bá funfun síbẹ̀, májèlé wà níbẹ̀. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Èmi tí mo gbà pé ohun tó bá funfun ló mọ́! Bí ẹ bá ti sọ òótọ́ bébà náà lọ́jọ́ náà, ta ni ì bá gbà pé ọjà ni májèlé ti wá? Ìyàwó ni wọn ì bá dì mú. Ẹ gbà kí a máa pè yín ní onífura, kí orúkọ mi má baà bàjẹ́.

Ẹ dárí jì mí. Ẹ̀wà tí àwọn àlejò ìsìnkú yín yóò jẹ lónìí, èmi fúnra mi ni mo ti bébà kan ṣoṣo tó kù bọ omi rẹ̀. Mo wo aago bí ẹ ti máa ń ṣe. Ó di aró, ọkọ mi. Ẹ sùn re o.