Èéfín Púpurù Ìyé

Àgbàlá ìyá mi ní Òde-Ayé la gbé ẹ̀rọ ìwádìí wa sí, torí ní yunifásitì wa l'Ókìtìpupa, wáyà kì í sun ìta mọ́jú kí olè má jí i. Ẹ̀rọ ọ̀hún máa ń kọjú sí oòrùn, á máa wọn èéfín tó wà nínú afẹ́fẹ́. Sátẹ́láìtì kan tó ń yí ayé po á wọn tiẹ̀ látòkè bó bá ń kọjá lọ́sàn-án. Iṣẹ́ tèmi ni láti fi ti ilẹ̀ wo tòkè, bí èèyàn ṣe ń fi kóńgò kan wo òmíràn lọ́jà, káwọn tó ni sátẹ́láìtì lè mọ̀ bí tiwọn bá ń parọ́.

Tiwọn parọ́ kẹ̀? Ìgbà gbogbo ni tèmi ń ga ju tiwọn lọ, wọ́n á ní àṣìṣe ni, kí n nu gíláàsì. Mo ń nù ún, àkísà á dúdú kirikiri. Èéfín púpurù Ìyé ni, ẹ̀gẹ́ rírẹ tí wọ́n ń yan gbẹ lórí iná. Ìyé la máa ń pe ìyá mi, àtàárọ̀ dalẹ́ ni iná sì ń jó lábẹ́ àjà tó ń to púpurù sí. Mo ṣàlàyé títí. Wọ́n ní kí n bá a sọ ọ́ kó paná.

Ká sòótọ́, ẹ̀rọ kọ́ ló ká mi lára. Ikọ́ tí Ìyé ń wú ni.

"Ìyé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi iná yìí sílẹ̀. Gbogbo èéfín tí ẹ̀rọ yìí ń rí, àyà yín ló ń wọ̀."

"Púpurù tí ò bá rí iná á bu. Ṣé ẹ̀rọ ẹ ló máa rà á? Mo ń mu omi àdúrà." Ó wòkè. "Èyí tó wà lókè yẹn, ṣé ó ń rí mi?"

"Kò rí yín o. Ibi tó ń wò lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ti fẹ̀ jù."

"Áà, àánú ẹ̀ ṣe mí." Ó rẹ́rìn-ín, ikọ́ gba ẹ̀rín náà lẹ́nu ẹ̀, ó sì tún ki igi bọná.

Òjò ọdún náà ò tíì dá tí ikọ́ fi gbé ìyá mi lọ. Àwọn ará ìjọ wa wọ aṣọ funfun, a sin ín. Kò sẹ́ni tó dáná níbẹ̀ mọ́.

Nígbà tí oòrùn padà yọ, mo tan ẹ̀rọ. Ti ilẹ̀ àti tòkè bára mu rẹ́gí. Inú àwọn tó ni sátẹ́láìtì dùn, wọ́n kọ̀wé sí mi: ẹ kú oríire, àṣìṣe yẹn ti lọ.

Mo kà á níwájú àjà tó ti tutù, ni mo bá bú sẹ́kún. Ẹ̀yin èèyàn yìí, ìyá mi lẹ ń pè ní àṣìṣe! N ò lè kọ ìyẹn sí wọn. Mo ní wọ́n ṣeun, mo mú àkísà, mo nu gíláàsì. Àkísà náà ò dúdú.