Ìgò Ẹlẹ́rìí

Bàbá Oníyẹ̀pẹ̀ ni gbogbo ilé iṣẹ́ àyẹ̀wò ilẹ̀ ń pè é, kì í sì í bínú sí i. Kí ni wọn ì bá tún máa pè é? Láti ìgbà tí irun orí rẹ̀ ti dúdú títí ó fi funfun tán, iyẹ̀pẹ̀ ló ń sá, iyẹ̀pẹ̀ ló ń lọ̀, iyẹ̀pẹ̀ ló ń jọ̀. Àwọn àgbẹ̀ á kó o wá nínú àpò ọ̀rá, á tẹ́ ẹ sórí bébà nínú yàrá ẹ̀yìn kó lè gbẹ, á fi ẹ̀rọ lọ̀ ọ́, á sì fi asẹ́ jọ̀ ọ́ títí yóò fi kúnná. Eruku rẹ̀ wà nínú irun etí rẹ̀, ó wà nínú àpò ṣòkòtò rẹ̀. Nígbà tí ìyàwó rẹ̀ wà láyé, a máa sọ fún un pé ẹnikẹ́ni ò ní í da ara rẹ̀ láàmú gbẹ́ sàréè fún un lọ́jọ́ tó bá kú, torí ó ti ń ru tirẹ̀ kiri.

Iṣẹ́ tó fẹ́ràn jù níbẹ̀ ni àyẹ̀wò fọ́sífátéèsì. Ẹ má jẹ́ kí orúkọ náà bà yín lẹ́rù, orúkọ ló gùn, nǹkan náà fúnra rẹ̀ kéré. Ọ̀pọ̀ nínú oúnjẹ tí ewéko nílò nínú ilẹ̀ ló wà ní títì pa, fọ́sífátéèsì ni kọ́kọ́rọ́ tó ń ṣí i. Gbòǹgbò ń tú u jáde, àwọn kòkòrò tí ojú lásán ò lè rí náà ń tú u jáde. Ó wà nínú ewé, ó wà nínú adìyẹ àti màlúù, ó wà nínú ẹ̀dọ̀ ènìyàn àti nínú eegun rẹ̀, nítorí láìsí i, eegun kò lè gbó kó le. Láti mọ̀ bóyá ó wà níbì kan, èèyàn á fi omi la díẹ̀ nínú nǹkan náà nínú ìgò kékeré, á bu oògùn kan tí kò ní àwọ̀ sí i, á gbé e sínú àpótí olóoru fún wákàtí kan, á wá fi oògùn kejì dá iṣẹ́ rẹ̀ dúró. Bí fọ́sífátéèsì bá wà níbẹ̀, omi náà á yọ yẹ́lò bí pupa ẹyin. Bí kò bá sí, omi á mọ́ gaara bó ṣe wà.

Bàbá Oníyẹ̀pẹ̀ kò rí iyẹ̀pẹ̀ tí kò yọ yẹ́lò rí. Ti etí gọ́tà yọ ọ́. Ti oko tó ti ṣá, tí olóko ti fi í sílẹ̀ lọ, yọ díẹ̀. Ó máa ń sọ fún àwọn tó bá wá kọ́ṣẹ́ pé, "Ohun tó bá ti ní ẹ̀mí á yọ yẹ́lò. Ọjọ́ tẹ́ ẹ bá rí èyí tí ò yọ ọ́, ẹ pè mí, mo máa fi iṣẹ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ náà."

Ọmọ kan ṣoṣo ló bí, obìnrin. Ọkọ ọmọ náà ń ṣiṣẹ́ ní ìlú tó jìnnà, nítorí náà nígbà tí oyún rẹ̀ gbó, ọ̀dọ̀ bàbá rẹ̀ ló wá. Ó bí obìnrin. Ọmọ náà dára lójú, ṣùgbọ́n agbárí rẹ̀ rọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì tẹ̀ bí ọrun, bí wọ́n bá sì ti fọwọ́ kàn án nídìí omi ìwẹ̀, igbe ni. Kò tíì pẹ́ tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ sí í pè é ní Ẹyin, nítorí bí a ti ń mú ẹyin ni wọ́n ṣe ń mú un.

Dókítà ọmọdé tó ń tọ́jú rẹ̀, obìnrin kan tí kì í kánjú, gba ẹ̀jẹ̀ ọmọ náà, ó tún gbà á lẹ́ẹ̀kejì, ó rán èkejì lọ sí ibòmíràn kó lè dá a lójú. Nígbà tó pè wọ́n jókòó, ó ní, "Bàbá, fọ́sífátéèsì ọmọ yìí kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí. Ohun tí eegun fi ń le gan-an ni kò sí lára rẹ̀. Inú oyún ló ti bẹ̀rẹ̀."

Bàbá Oníyẹ̀pẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ tó ti ń pè lójoojúmọ́ láti ọdún gbọọrọ ni dókítà ń pè sí i létí bí ẹni pé àjèjì ni. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní kí ni kò sí?"

Dókítà tún un sọ. Ó ní oògùn rẹ̀ wà láyé, ṣùgbọ́n kò tíì dé ilé ìwòsàn kankan tí òun mọ̀ nítòsí. Òun ti kọ̀wé, òun ń retí èsì.

Ọmọ rẹ̀ obìnrin béèrè pé, "Kí la wá lè máa ṣe kó tó dé, mà?"

"Ẹ máa gbé e jẹ́jẹ́. Àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì ni kẹ́ ẹ máa fi gbé e. Ẹ má fa ẹsẹ̀ rẹ̀ sókè tẹ́ ẹ bá fẹ́ pààrọ̀ ìtẹ́dìí rẹ̀. Ẹ má sì pọ̀n ọ́n o. Bẹ́ ẹ bá pọ̀n ọ́n, ẹsẹ̀ yẹn lè kán."

Àbí irú kí ni ìyẹn? Ìyá wo ni wọ́n ń sọ fún pé kó má pọn ọmọ rẹ̀? Ìró tí ìyá òun náà fi pọ̀n ọ́n nígbà kékeré wà lábẹ́ ìrọ̀rí rẹ̀ láti ọjọ́ tó ti bímọ, pẹ̀lú ọ̀já, ó ti fọ̀ ọ́, ó ti ká a. Nígbà tí wọ́n délé, ó mú un jáde, ó wò ó, ó tún dá a padà sábẹ́ ìrọ̀rí. Bàbá rẹ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó rí gbogbo rẹ̀. Apá rẹ̀ ò ká a.

Láti ọjọ́ náà ni ọ̀rọ̀ yìí kò ti jẹ́ kó gbádùn. Nǹkan tó wà nínú ẹrẹ̀ gọ́tà ni wọ́n ní kò sí lára ọmọ-ọmọ òun. Ó mọ̀ pé dókítà náà kì í ṣe òpè. Ó mọ̀ pé ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ náà wò. Ṣùgbọ́n ìmọ̀ wà lọ́tọ̀, ọkàn bàbá wà lọ́tọ̀. Ó lọ bá ọkùnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ níbi tí ilé ìwòsàn ti ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, ó bẹ̀ ẹ́, ó bẹ̀ ẹ́, títí onítọ̀hún fi gbé èyí tó ṣẹ́ kù nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ náà fún un, omi rẹ̀ tí wọ́n ti yọ pupa kúrò lára rẹ̀. Inú fúláàsì oúnjẹ rẹ̀ ló gbé e sí pẹ̀lú áìsì, ó sì gbé e lọ síbi iṣẹ́ bí ẹni gbé oúnjẹ ọ̀sán.

Ó fọ ọwọ́, ó fọ ìgò. Ó bu díẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ náà, ó fi omi là á, ó fi oògùn sí i, ó gbé e sínú àpótí olóoru. Ó wá gbé ìgò ẹlẹ́rìí, tí ẹ̀jẹ̀ àti omi kan náà wà nínú rẹ̀, kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Gbogbo àyẹ̀wò ló ní ìgò ẹlẹ́rìí, òun la fi ń mọ̀ pé ohun tí a rí kì í ṣe irọ́. Bí wọ́n sì ti ń ṣe é nínú iṣẹ́ iyẹ̀pẹ̀ ló ṣe é: wọn kì í fún ìgò ẹlẹ́rìí ní oògùn àkọ́kọ́ títí wákàtí yóò fi pé, tí iṣẹ́ yóò fi dúró. Ọwọ́ rẹ̀ mọ̀ ọ́n, kò tilẹ̀ rò ó.

Nígbà tí wákàtí pé, ó gbé wọn sókè sí ojú fèrèsé. Ìgò ẹlẹ́rìí mọ́ gaara. Ti Ẹyin yọ yẹ́lò.

Ó jókòó. Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú, ó fi iyẹ̀pẹ̀ kun ojú. Lẹ́yìn náà ló pe ọmọ rẹ̀ lórí fóònù.

"Ọmọ mi, ó yọ yẹ́lò."

"Kí ló yọ yẹ́lò, Bàbá?"

"Ẹ̀jẹ̀ Ẹyin. Fúnra mi ni mo ṣe é. Ó wà lára rẹ̀. Mo ń wò ó báyìí."

Ẹkún àti ẹ̀rín ló jọ jáde lẹ́nu ọmọ rẹ̀ obìnrin. Ó ní, "Bàbá, ṣé mo wá lè pọ̀n ọ́n?"

Ibí yìí ló yẹ kó ti ní kó ṣì dúró ná. Ṣùgbọ́n inú rẹ̀ ti dùn ju kó dúró lọ. Ó ní, "Kí ló dé tí o ò ní í pọ̀n ọ́n? Ṣé ọmọ ẹlòmíràn ni?"

Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Kò tíì gbé fóònù náà sílẹ̀ dáadáa tí Ìyá Ìgò fi wọlé. Ìyá Ìgò ni obìnrin tó ń fọ gbogbo ìgò ibẹ̀, ó sì máa ń kó èyí tó dọ̀tí lọ kí wọ́n tó jẹun ọ̀sán. Ó gbé garawa omi tó wà lórí tábìlì rẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó wo inú rẹ̀.

"Bàbá, ṣé kí n da omi yìí nù? Iyẹ̀pẹ̀ ti balẹ̀ sí ìdí rẹ̀."

"Iyẹ̀pẹ̀ kẹ̀?"

"Ẹ wò ó. Ẹ lọ iyẹ̀pẹ̀ lánàá, ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀. Ẹ ò sì dé e."

Ó wò ó. Nǹkan pupa fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ ló wà nísàlẹ̀ omi náà, bí èyí tó máa ń kù nínú kọ́ọ̀bù tíì. Omi yẹn ló fi la ẹ̀jẹ̀ ọmọ-ọmọ rẹ̀. Omi yẹn kan náà ló wà nínú ìgò ẹlẹ́rìí, ṣùgbọ́n ìgò ẹlẹ́rìí tí a kò fún ní oògùn títí iṣẹ́ fi dúró, kí ló fẹ́ jẹ́rìí sí? Wọn kò fún un láàyè láti sọ ohun tó rí.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi omi yẹn sílẹ̀," ló sọ. Ó lọ ṣí kẹ́ẹ̀gì omi tuntun tí ẹnikẹ́ni kò tíì fọwọ́ kàn. Ó bu omi inú garawa sínú ìgò kan, omi lásán, kò fi ẹ̀jẹ̀ sí i. Ó bu ìṣẹ́kù ẹ̀jẹ̀ Ẹyin sínú ìgò kejì, ó fi omi tuntun là á. Ó fún àwọn méjèèjì ní oògùn, ó gbé wọn sínú àpótí olóoru, ó fa àga síwájú rẹ̀, ó jókòó.

Ó mú fóònù, ó fi í sílẹ̀. Ó tún mú un, ó tún fi í sílẹ̀. Kí ló fẹ́ sọ? Pé òun kò mọ̀ mọ́? Ó ń bá ara rẹ̀ sọ ọ́ pé kí òun kọ́kọ́ mọ èyí tó jẹ́ òótọ́ ná. Èmi kò ní í dá a lẹ́jọ́. Ayọ̀ tí èèyàn fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé fún ọmọ rẹ̀, kò rọrùn láti na ọwọ́ kan náà gbà á padà. Ìyá Ìgò gbé oúnjẹ wá, ó gbé e lọ.

Nígbà tó gbé ìgò méjèèjì jáde, omi lásán ti yọ yẹ́lò. Yẹ́lò tó ti àárọ̀ náà ni, kò dín. Ẹ̀jẹ̀ Ẹyin mọ́ gaara bí omi òjò. Ó yí i, ó gbé e sókè, ó gbé e wá sílẹ̀, ó tún dúró dè é sí i. Kò yọ ohunkóhun.

Ó pe ọmọ rẹ̀ lórí fóònù. Fóònù dún títí ó fi dákẹ́. Ó tún un pè. Nígbà tí ẹnikẹ́ni kò gbé e, ó jáde pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ lọ́rùn, ó wọ bọ́ọ̀sì, ó sì dúró tòun ti pé àyè ìjókòó wà.

Ẹ̀yìnkùlé ni ọmọ rẹ̀ wà, nídìí ẹ̀rọ omi, ó ń sá aṣọ. Ó ti so ìró náà mọ́ àyà, ó fi ọ̀já gbà á nísàlẹ̀, Ẹyin wà lẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀rẹ̀kẹ́ lórí eegun ẹ̀yìn ìyá rẹ̀, ó ń sùn. Ìyá rẹ̀ ń kọrin pẹ̀lú ohùn jẹ́jẹ́. Ó gbọ́ ẹsẹ̀ bàbá rẹ̀, ṣùgbọ́n kò yíjú padà.

"Bàbá, ẹ ò ní gbà gbọ́," ló sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Ó kọ́kọ́ ké díẹ̀. Ìgbà tí mo pọ̀n ọ́n tán tí mo mì í, ó dákẹ́. Kò sùn báyìí rí. Mo ti rò pé ó kàn fẹ́ kí n pọn òun ni."

Bàbá Oníyẹ̀pẹ̀ dúró sí ẹ̀yìn rẹ̀. Ó rí àtẹ́lẹsẹ̀ ọmọ náà méjèèjì tó yọ lápá ọ̀tún àti lápá òsì ìbàdí ìyá rẹ̀. Ó ní, "Má yí, ọmọ mi. Dúró bó o ṣe wà."

"Kí ló dé?"

"Omi ni. Omi lásán ló yọ yẹ́lò. Iyẹ̀pẹ̀ ló bọ́ sínú rẹ̀."

Ilé oníyẹ̀pẹ̀ ni obìnrin yìí dàgbà sí. Kò sí ẹni tó ní láti ṣàlàyé fún un. Aṣọ tútù wà lọ́wọ́ rẹ̀, omi rẹ̀ ń kán sí i lẹ́sẹ̀.

"Tiẹ̀ gan-an ńkọ́?"

Bàbá rẹ̀ mi orí, ó wá rántí pé kò lè rí òun. Ó di dandan kó fi ẹnu sọ ọ́. "Kò yọ ọ́."

Kò ké. Ó fi ọwọ́ kan wá kókó ìró náà níwájú àyà, ó dì í mú, kò tú u. Bàbá rẹ̀ ń wo bí wọn yóò ṣe tú ọmọ yẹn sílẹ̀ láìfa ẹsẹ̀ rẹ̀, ó gbé e yẹ̀ wò sápá yìí, ó gbé e yẹ̀ wò sápá tọ̀hún, kò rí ọ̀nà. Ó ní, "Ṣé kí n sáré lọ pe dókítà?"

"Ẹ má lọ, Bàbá." Ohùn rẹ̀ ti rẹlẹ̀ gan-an. "Ẹ jẹ́ kó sùn tán ná."

Ó sún mọ́ ọn. Ó na àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì sábẹ́ ìdí ọmọ náà lórí ìró, bí dókítà ṣe ní kí wọ́n máa gbé e, ó gba díẹ̀ lára ìwúwo rẹ̀. Iyẹ̀pẹ̀ wà ní èékánná rẹ̀ síbẹ̀. Wọ́n dúró bẹ́ẹ̀ nídìí ẹ̀rọ omi, bàbá, ọmọ, àti ọmọ-ọmọ, wọn kò sì mọ ẹni tí yóò kọ́kọ́ mira.